ÌBÉÈRÈ YÍN, ÌDÁHÙN WA: Òtútù inú hámọ́ọ̀kì, abẹ́ ló ti ń wá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa nílé àti lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ pípàgọ́ nínú igbó tá a gbé jáde lóṣù tó kọjá mú kí lẹ́tà ya wọlé, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló sì dá lórí hámọ́ọ̀kì, ìyẹn aṣọ gígùn tí wọ́n máa ń so orí méjèèjì ẹ̀ mọ́ igi méjì, téèyàn á wá sùn sínú ẹ̀ lókè láìfara kanlẹ̀. Gbogbo wọn ló gbà pé ó dùn ún sùn, òkúta ò lè gún èèyàn lẹ́yìn, omi òjò ò lè gba abẹ́ ẹni, àmọ́ ẹjọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń rò, òtútù ò jẹ́ kí wọ́n fojú kan oorun. Mo ti mú mélòó kan nínú àwọn lẹ́tà yẹn, màá sì fara balẹ̀ dáhùn wọn, torí ó máa ń dùn mí kéèyàn náwó nára lọ sórí òkè, kó wá jí láàárọ̀ kó ní òun ò tún dán irú ẹ̀ wò mọ́ láé nítorí nǹkan tó ní àtúnṣe.

Ìbéèrè láti Atlanta, Amẹ́ríkà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi lọ pàgọ́ lórí òkè lápá àríwá Georgia lóṣù October. Sleeping bag gidi, ìyẹn àpò tí wọ́n máa ń wọ inú ẹ̀ sùn, ni mo rà, wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé dígírì 0 ti Celsius ló lè gbà. Fóònù mi sì sọ pé dígírì 9 ni òru yẹn máa jẹ́, ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta òru, gbogbo ẹ̀yìn mi àti ìdí mi ti kú tipiri, mò ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ àyà mi ń làágùn. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni? Àbí kí n lọ ra èyí tó nípọn jù ú lọ?

Ìdáhùn

Àbúrò mi, di owó ẹ mú ná. Kì í ṣe ayédèrú, sleeping bag ẹ ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ, ìwọ náà ṣáà sọ pé àyà ẹ ń làágùn. Abẹ́ ni wàhálà wà.

Wò ó, kì í ṣe aṣọ sleeping bag ló ń mú èèyàn móoru, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín ìyẹ́ tàbí òwú inú ẹ̀ ni. Ara ẹ ló ń mú afẹ́fẹ́ yẹn gbóná, iṣẹ́ ìyẹ́ yẹn ò sì ju pé kó dì í mú kó má ráyè sá lọ. Tó o bá wá dùbúlẹ̀ lé e, gbogbo ìwúwo ẹ ló máa tẹ ìyẹ́ ti abẹ́ pa, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á jáde tán, kò sí nǹkan tó ń ṣe fún ẹ níbẹ̀ mọ́. Dán an wò nílé. Wọ inú sleeping bag yẹn nínú hámọ́ọ̀kì, fi ìka méjì mú apá tó wà lórí àyà ẹ, wàá rí i pé ó wú, ó nípọn, tó o bá tẹ̀ ẹ́ ó ń dìde padà. Wá ti ọwọ́ bọ abẹ́ èjìká ẹ kó o mú ti ibẹ̀. Aṣọ méjì tó lẹ̀ mọ́ra lásán lo máa bá lọ́wọ́. Ohun tó wà láàárín ẹ̀yìn ẹ àti òru orí òkè nìyẹn o, pẹ̀lú aṣọ hámọ́ọ̀kì tóun náà ò ju náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ. Ẹni tó sùn sílẹ̀, ilẹ̀ tutù lóòótọ́, àmọ́ atẹ́gùn kì í gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Ìwọ tó o sùn lókè, atẹ́gùn ń gba abẹ́ ẹ lọ, ó ń gba abẹ́ ẹ bọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, bí ara ẹ ṣe ń mú ibẹ̀ gbóná ló ń gbé ooru yẹn lọ.

Kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu, torí ilẹ̀ olóoru ni hámọ́ọ̀kì ti wá. Ọwọ́ àwọn Taíno, àwọn onílẹ̀ erékùṣù Caribbean, ni Columbus àtàwọn èèyàn ẹ̀ ti rí i lọ́dún 1492, títí dòní sì ni hámọ́ọ̀kì jẹ́ ibùsùn ọ̀pọ̀ ilé lápá àríwá ìlà oòrùn Brazil. Níbi tí ooru ti ń mú, atẹ́gùn tó ń gba abẹ́ kọjá yẹn gan-an làǹfààní ẹ̀. Àwa tá a gbé e lọ sórí òkè lóṣù October la gbọ́dọ̀ wá nǹkan dí abẹ́ ẹ̀.

Ní ti dígírì 0 tó wà lára sleeping bag ẹ, ìlànà kan wà tó ń jẹ́ ISO 23537 tí wọ́n fi ń wọn àwọn nǹkan yìí. Ère tí wọ́n ṣe bí èèyàn, tí wọ́n ń fi iná mànàmáná mú gbóná, ni wọ́n máa ń tẹ́ sínú ẹ̀ nínú yàrá tó tutù, orí ẹní ni wọ́n sì máa ń tẹ́ ère yẹn sí. Ìyẹn ni pé wọ́n ti ka ẹní mọ́ ọn kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà yẹn, ẹni tí ò bá ní nǹkan kan lábẹ́, nọ́ńbà yẹn ò bá a wí. Tún yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nọ́ńbà méjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ọ̀kan comfort, ìyẹn ibi tára ti máa tuni, ọ̀kan limit, ìyẹn ibi téèyàn lè fara dà á dé. Comfort ni kó o máa tẹ̀ lé, torí limit yẹn, ti ọkùnrin tó káwọ́ kásẹ̀ jọ tó ń rọ́jú sùn ni. Tó bá jẹ́ limit ni 0 tìẹ yẹn, comfort ẹ lè jẹ́ 5 tàbí 6.

Fóònù ẹ ńkọ́? Atlanta ló ń bá ẹ sọ, kì í ṣe orí òkè. Atlanta ga tó nǹkan bíi 320 mítà ju òkun lọ, Springer Mountain tí ọ̀nà Appalachian Trail ti bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 1,153 mítà, Brasstown Bald tó ga jù ní gbogbo Georgia sì jẹ́ 1,458. Téèyàn bá ń gòkè, nǹkan bíi dígírì 6 àbọ̀ ló máa ń já sílẹ̀ ní 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan. Dígírì 9 tó o rí lórí fóònù lè ti di 3 tàbí kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbi tó o sùn sí, ká má tíì sọ ti atẹ́gùn. Tó o bá tún ń lọ, orúkọ òkè yẹn gan-an ni kó o wá lórí fóònù, tó ò bá rí i, ṣe ìṣirò yẹn fúnra ẹ.

Ohun tó o máa rà ni underquilt. Kúbùsù tó ní ìyẹ́ tàbí òwú nínú ni, àmọ́ ìta ni wọ́n ń fi okùn rọ́bà so ó sí, sábẹ́ hámọ́ọ̀kì. Torí pé ìta ló wà, ìwúwo ẹ ò kàn án, gbogbo ìyẹ́ ẹ̀ á wú dáadáa, á di afẹ́fẹ́ ẹ̀ mú. Tówó tó wà lọ́wọ́ ẹ bá jẹ́ ti nǹkan kan ṣoṣo, underquilt ni kó o rà, kó o wá ṣí síìpù sleeping bag tó o ní yẹn, kó o máa fi bora lókè, kó o ki ẹsẹ̀ nìkan bọ ìsàlẹ̀ ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ń ra underquilt olówó ńlá tí òtútù ṣì ń mú wọn torí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń so ó, ibi tó yẹ kí n dúró lé lórí nìyí. Kọ́kọ́ so hámọ́ọ̀kì fúnra ẹ̀ dáadáa: má fà á le gbọnranin, jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ láàárín, kí okùn orí méjèèjì wà ní igun bíi dígírì 30 sí ilẹ̀. Tó o bá wọlé, má sùn tààrà láàárín, dábùú díẹ̀, kí orí ẹ kọjá sí apá kan, kí ẹsẹ̀ ẹ kọjá sí apá kejì, ẹ̀yìn ẹ á tẹ́ pẹrẹsẹ. Bó o ṣe máa sùn mọ́jú gan-an ni kó o dùbúlẹ̀ yẹn, kó o tó máa yẹ underquilt wò. Wá ní kí ọ̀rẹ́ ẹ kan kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, kó ti àtẹ́lẹwọ́ bọ àárín hámọ́ọ̀kì àti underquilt, kó máa wọ́ ọ lọ díẹ̀díẹ̀ láti èjìká ẹ dé ìdí, dé itan. Ó yẹ kí ẹ̀yìn ọwọ́ ẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ máa kan méjèèjì lọ láìsí pé ọwọ́ há. Ibi tó bá ti bọ́ sí àlàfo, òtútù ti rí ọ̀nà ibẹ̀ nìyẹn, lẹ́bàá èjìká àti lẹ́bàá ẹsẹ̀ ló sì wọ́pọ̀ jù. Fún rọ́bà apá ibẹ̀ díẹ̀, kó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Tọ́wọ́ ẹ̀ ò bá sì ráyè wọlé rárá, o ti fún un jù, hámọ́ọ̀kì ti ń tẹ ìyẹ́ ẹ̀ pa, kó o dẹ̀ ẹ́. Díẹ̀ báyìí nìyàtọ̀ àárín kéèyàn sùn wọra àti kéèyàn máa ka wákàtí.

Òtútù ọrùn náà wà o, torí etí underquilt lápá orí máa ń là sílẹ̀. Okùn kékeré máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń fún un, fún un títí etí yẹn á fi lẹ̀ mọ́ hámọ́ọ̀kì.

Ìbéèrè láti Manchester, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, wà nínú ẹgbẹ́ Scout níbí, wọ́n fẹ́ lọ sùn nínú igbó lóṣù April, ó sì fàáké kọ́rí pé hámọ́ọ̀kì lòun máa sùn sí. Mo béèrè owó underquilt, mo ní ẹ gbà mí o. Ṣé kò sí bá a ṣe lè ṣe é lówó pọ́ọ́kú ni? Ẹ̀rù tún ń bà mí kí òtútù àyà má lọ mú un.

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀nà wà. Ẹ wá ẹní fóòmù tí wọ́n máa ń ká rọ̀bọ̀tọ̀ so mọ́ ẹ̀yìn báàgì, èyí tó le díẹ̀ tómi ò lè wọ̀. Owó ẹ̀ kéré gan-an sí ti underquilt. Wọ́n ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí ẹní ṣe ń dènà òtútù tó, R-value ni wọ́n ń pè é, irú fóòmù yẹn sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 2. Tẹ́ ẹ bá wá to méjì léra, nọ́ńbà méjèèjì á ro pọ̀ di bíi 4, ó sì tó fún òru April ní ìlú Ọba, tí dígírì lè já dé 0 láàárọ̀ kùtù.

Ibi tí fóòmù ti ń jáni kulẹ̀ nínú hámọ́ọ̀kì ni èjìká. Fífẹ̀ ẹ̀ ò ju nǹkan bíi 51 sẹ̀ǹtímítà lọ, bẹ́ẹ̀ hámọ́ọ̀kì máa ń ká mọ́ èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, èjìká àti apá á wá yọ kúrò lórí fóòmù, wọ́n á máa kan aṣọ tútù. Nítorí náà, ẹ mú ẹní kejì, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e sí méjì, ẹ fi ìdajì kan dábùú èyí tó gùn níbi èjìká, kí eteetí ẹ̀ yọ síta lọ́tùn-ún lósì. Ẹ fi ìdajì tó kù sábẹ́ ìdí. Ọmọ tí ọrùn àti èjìká ẹ̀ bá móoru, sùn ló máa sùn.

Fóòmù tún máa ń yọ̀, pàápàá fún ọmọ tó ń yí kiri lójú oorun. Tí hámọ́ọ̀kì yẹn bá jẹ́ aṣọ méjì tí wọ́n rán pọ̀, àárín aṣọ méjèèjì ni kó ki fóòmù sí. Tó bá jẹ́ aṣọ kan, kó ki èyí tó gùn sínú sleeping bag, kóun sùn lé e lórí nínú ibẹ̀, tó bá yí, á bá a yí. Àwọn kan máa ń lo ẹní tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, kò burú, àmọ́ kí wọ́n má fẹ́ ẹ le, nítorí èyí tó bá le kò ní tẹ̀ bá hámọ́ọ̀kì, á sì máa ju èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Fóòmù kì í jẹ́ kí òógùn jáde, ẹ̀yìn ẹ̀ lè rin díẹ̀, nítorí náà ẹ má fún un ní aṣọ òwú wọ̀ sùn o. Òwú tó bá ti mu òógùn kì í tètè gbẹ, tútù ló máa ń tutù mọ́ni lára. Wúlù tàbí pọliẹ́sítà ló dáa, kó sì jẹ́ èyí tí kò wọ̀ rìn lọ́sàn-án, kó pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ pátá kó tó wọ inú hámọ́ọ̀kì, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ àti fìlà tó bo etí. Kó má sì kó súwẹ́tà mẹ́ta jọ sínú sleeping bag tó fún, ṣe lòun náà máa tẹ òwú ibẹ̀ pa. Kó jẹun dáadáa lálẹ́, ẹ̀pà, wàrà kàṣì, ohun tó bá ti lọ́ràá, torí ọ̀rá máa ń pẹ́ nínú, ara á sì máa rí nǹkan jó mọ́jú. Tí àwọn olórí wọn bá ní sítóòfù, kí wọ́n bá a se omi gbóná sínú ike omi líle tó lè gba omi híhó, kí wọ́n de ọmọrí ẹ̀ pinpin, kó wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, kó há a sáàárín itan méjèèjì. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ló gba ibẹ̀ kọjá, ooru ẹ̀ á dé gbogbo ara.

Ní ti òtútù àyà, kòkòrò àrùn ló ń fà á, ẹ má jẹ́ kíyẹn dẹ́rù bà yín jù. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́ ọmọ ni àmì tó ń hàn tí ara èèyàn bá ti ń tutù kọjá ààlà. Ó máa kọ́kọ́ gbọ̀n gan-an, ọwọ́ ẹ̀ ò ní lè de okùn tàbí fa síìpù, ahọ́n ẹ̀ á máa lọ́, ọ̀rọ̀ tó ń sọ ò ní yé èèyàn mọ́. Tó bá wá jẹ́ pé gbígbọ̀n yẹn dáwọ́ dúró nígbà tí ara ẹ̀ ṣì tutù tó sì ń tòògbé, ọ̀rọ̀ ti di ti pàjáwìrì nìyẹn, 999 ni kí wọ́n pè, kí wọ́n gbé e kúrò lójú atẹ́gùn, kí wọ́n bọ́ aṣọ tútù lára ẹ̀ kí wọ́n sì fi gbígbẹ wé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a sọ ọ́ kó tó lọ pé tí òtútù bá ń mú un lóru, kó jí olórí wọn, kì í ṣe ìtìjú rárá. Àwọn ọmọ ọkùnrin ọjọ́ orí yẹn máa ń fẹ́ fara dà á láìsọ̀rọ̀, èyí ló ń kó mi lọ́kàn sókè ju òtútù fúnra ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá ní igi méjì tàbí òpó tó lágbára lẹ́yìnkùlé, kó sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan tó tutù kí wọ́n tó lọ, tí nǹkan kan ò bá tó, inú ilé ò jìnnà.

Ìbéèrè láti Gembu, Ìpínlẹ̀ Taraba

Ẹ káàsán sà. Àgùnbánirọ̀ ni mí lórí òkè Mambilla. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ibì kan wà ní Nàìjíríà tó tutù báyìí! Èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń gun òkè tá ò bá níṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi sì fi hámọ́ọ̀kì ránṣẹ́ sí mi láti London, àmọ́ lásìkò ọyẹ́ yìí, mi ò lè sùn sínú ẹ̀ kọjá wákàtí méjì. Kò síbi tí wọ́n ti ń ta underquilt níbí. Kí ni mo lè fi ṣe é?

Ìdáhùn

Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ìwọ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ. Mambilla kì í ṣe ẹgbẹ́ ibi tó o ti wá, ibi tó pọ̀ níbẹ̀ ló lé ní 1,500 mítà, Chappal Waddi tó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà tí kò jìnnà sí yín sì jẹ́ 2,419. Tó o bá fi ìṣirò tí mo ṣe fún ará Atlanta yẹn ṣe é, wàá rí i pé dígírì bíi mẹ́wàá ti lọ kó o tó bẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ wá dé, kò sí ìkùukùu lójú ọ̀run, gbogbo ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án ló ń bá ojú ọ̀run lọ lóru.

Ṣe underquilt tìẹ fúnra ẹ, kò le. Lọ ra kúbùsù onírun tó nípọn lọ́jà, èyí tó gùn ju bó o ṣe ga lọ díẹ̀, tó o bá rí dúfẹ́ẹ̀tì àlòkù, ìyẹn tún sàn jù torí ó wú. Gbé e fún télọ̀, kó ṣẹ́ etí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó gùn lé, kó rán an, àmọ́ kó fi ihò sílẹ̀ tí okùn lè gbà kọjá, bíi ti ìdí ṣòkòtò. Ki okùn kan sọ́tùn-ún, ki ìkan sósì, láti orí dé ẹsẹ̀. Ní orí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, má so ó mọ́ hámọ́ọ̀kì tààrà, gba rọ́bà inú táyà ọ̀kadà lọ́wọ́ fọkanáísà, gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, òun ni kó o fi so ó mọ́ ibi tí okùn hámọ́ọ̀kì ti bẹ̀rẹ̀, ní orí àti ní ẹsẹ̀. Rọ́bà yẹn ló máa jẹ́ kí kúbùsù máa bá ẹ lọ sílẹ̀ sókè tó o bá ń yí, kó lè máa lẹ̀ mọ́ hámọ́ọ̀kì láìfún. Fún okùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì díẹ̀ kí etí ẹ̀ dìde bo ẹ̀gbẹ́ ara ẹ, kó o sì ní kí ẹlẹgbẹ́ ẹ fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe ṣàlàyé lókè.

Kúbùsù nìkan, atẹ́gùn ọyẹ́ á gba inú ẹ̀ kọjá. Já báàgì Ghana-must-go ńlá méjì kó o rán wọn pọ̀, tàbí kó o lo tapólì fẹ́lẹ́, fi sábẹ́ kúbùsù yẹn níta, àmọ́ má fún un mọ́ ọn, kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ wà láàárín, torí èémí ara ẹ gbọ́dọ̀ rọ́nà jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kúbùsù á rin. Tápá owó bá gbé e, wá ẹní fóòmù aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń tò pọ̀ fáwọn ọmọdé láti ṣeré lórí ẹ̀, omi kì í wọ̀ ọ́, tò ó láti èjìká dé ìdí nínú hámọ́ọ̀kì. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì tó rọ̀, má wulẹ̀ gbé e dání, tó o bá ti sùn lé e ó ti pẹlẹbẹ.

Ibi tó o so ó sí tún ṣe pàtàkì bí ohun tó o fi sábẹ́ ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, lóru ó máa ń ṣàn wá sínú àfonífojì àti etí odò, orí òkè téńté náà kò sì dáa nítorí atẹ́gùn. Àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, níbi tígi pọ̀ díẹ̀, ni kó o wá. Àríwá ìlà oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, apá ibẹ̀ ni kó o ti fa tapólì tó o ta bo orí hámọ́ọ̀kì wálẹ̀ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Kó o sì gbójú sókè kó o tó so ó o, igi yúkálípítọ́ọ̀sì pọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ̀ka ẹ̀ sì máa ń já lójijì, má so ó mọ́ èyí tó ti kú, má sì so ó sábẹ́ ẹ̀ka gbígbẹ. Bẹ́líìtì tó fẹ̀ tó íǹṣì kan ó kéré tán ni kó o fi so ó kó má gé èèpo igi, kó má sì ga ju àga ìjókòó lọ, nǹkan bíi 45 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀, torí okùn lè já.

Ìbéèrè láti Ìbàdàn

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la fẹ́ lọ sí Obudu. Bàbá kan ládùúgbò wa ní ká rọra mu ògógóró díẹ̀ ká tó sùn, ká sì gbé àdògán eléèédú sábẹ́ hámọ́ọ̀kì, ó ní a ò ní mọ̀ pé òtútù wà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é, méjèèjì! Ògógóró máa ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná á ya lọ síbẹ̀, ojú èèyàn á gbóná, ó máa dà bí ẹni pé òtútù ti lọ, bẹ́ẹ̀ ooru inú ara gan-an ló ń jáde lọ yẹn. Ẹni tó mu ún ò sì ní tètè mọ̀ tí ara ẹ̀ bá ń tutù jù.

Èédú lewu ju ìyẹn lọ. Náílọ́ọ̀nù ni aṣọ hámọ́ọ̀kì, ẹ̀tapàrá iná kan á yọ́ ọ, ẹni tó wà nínú ẹ̀ á bọ́ lé iná lórí. Tẹ́ ẹ bá sì tún ta tapólì bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ kí atẹ́gùn má wọlé, èédú yẹn á máa tú gáàsì carbon monoxide jáde, kò rùn, kò ṣeé fojú rí, ẹni tó bá fà á símú lójú oorun lè má jí mọ́. Ẹ yá iná yín níbi tó jìnnà, ẹ yáná, ẹ se omi síbẹ̀, kẹ́ ẹ pa á kẹ́ ẹ tó lọ sùn. Omi gbóná inú ike tí mo sọ fún ìyá Manchester yẹn ni kẹ́ ẹ gbé wọlé, a ò gbọ́ pé òun pààyàn rí.

Ìbéèrè láti Glasgow, Scotland

Ẹ̀gbọ́n wa, mo ní underquilt oníyẹ̀ẹ́ tó dáa gan-an, mo sì so ó dáadáa. Móoru ni mo móoru títí di nǹkan bí aago mẹ́rin, lẹ́yìn náà òtútù bẹ̀rẹ̀ lábẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i pé underquilt ti rin, ó wúwo, bẹ́ẹ̀ tapólì wà lórí mi, òjò ò kàn mí rárá. Níbo lomi ti wọlé?

Ìdáhùn

Bẹ́líìtì tó o fi so hámọ́ọ̀kì mọ́ igi ni mo fura sí. Òjò ń ṣàn lára igi, ó ń gba orí bẹ́líìtì wọ abẹ́ tapólì, ó ń bá okùn lọ jẹ́jẹ́ títí ó fi dé aṣọ, ibi tó rẹlẹ̀ jù ló sì máa ń dúró sí, ìyẹn abẹ́ ẹ̀yìn ẹ. So okùn kékeré kan mọ́ bẹ́líìtì lọ́tùn-ún àti lósì, lábẹ́ tapólì, kí ìdí okùn yẹn rọ̀ sílẹ̀. Omi tó bá débẹ̀ á gba ara okùn yẹn kán sílẹ̀, kò ní lọ síwájú mọ́. Tún wo ìsàlẹ̀, tí tapólì ẹ bá ga, òjò tó ń ta láti ilẹ̀ àti ìkùukùu tó ń fẹ́ kọjá lè rin ín náà, fà á wálẹ̀ sí i.

Ní Scotland ṣá, tó o bá tún máa ra òmíràn, mo máa ní kó o ra èyí tí wọ́n fi òwú pọliẹ́sítà ṣe. Ó wúwo ju oníyẹ̀ẹ́ lọ, ó sì ń gba àyè nínú báàgì, àmọ́ tó bá rin, ó ṣì máa ń wú díẹ̀. Ìyẹ́ tó bá rin lẹ̀ ló máa ń lẹ̀ pọ̀, kò tún ní afẹ́fẹ́ kankan láti dì mú.

Èyí tó o ní yẹn ò tíì bà jẹ́. Jù ú sínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, ooru tó kéré jù ni kó o lò, ju bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì méjì tàbí mẹ́ta sí i kó máa lù ú, kí ìyẹ́ tó ti lẹ̀ pọ̀ lè tú. Ó máa gba wákàtí o, má tètè yọ ọ́ torí ìta ẹ̀ gbẹ, fi ìka tẹ inú ẹ̀ wò, tó o bá ṣì rí kókó, kò tíì gbẹ. Tó bá gbẹ tán, má ká a padà sínú àpò kékeré tó bá wá, ìrìn inú igbó nìkan ni àpò yẹn wà fún. Nílé, jẹ́ kó wà nínú àpò ńlá tàbí kó o gbé e kọ́ sínú wọ́dúróòbù, kí ìyẹ́ ẹ̀ lè máa wú.